Ìbọn bàbá àgbà nínú àjà: ṣé ó ṣì ṣe é fi dẹ òyà?

Ìbéèrè: Bàbá àgbà wa tó jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ti papòdà, a sì ti ṣe ìsípà wọn tán. Ìbọn méjì ni a bá nínú àjà: ṣakabùlà olókùúta kan, àti ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì tí òòlù rẹ̀ wà níta, tí wọ́n kọ “Birmingham” sí lára. Mo fẹ́ máa fi wọ́n dẹ òyà ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti wọn kátíríìjì ọjà wò nínú ẹlẹ́nu méjì náà, ó ní ó wọlé geere. Ó tún ní bí ẹ̀tù bá wọ́n, kí n máa tú ti inú kátíríìjì sínú ṣakabùlà. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ti ọ̀rẹ́ yín, lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kátíríìjì lè wọlé geere kó má bá ìbọn mu rárá, ẹ̀tù inú kátíríìjì nínú ṣakabùlà sì wà lára ohun tó ń gé ọdẹ níka tó sì ń fọ́ wọn lójú. Ìbọn àtijọ́ kì í sábà bẹ́ nítorí pé ó dàgbà. Oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ tí wọ́n fún un jẹ ló ń mú un bẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí fi wà: kí ẹ mọ ohun tí ìbọn kọ̀ọ̀kan lè jẹ.

Ìwé ló ṣáájú irin. Ẹ lè jogún oko bàbá, ẹ lè jogún ilé, ẹ ò lè jogún ìwé àṣẹ ìbọn. Orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀, ó sì ti bá wọn lọ. Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí abala mẹ́ta: èyí tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní àyàfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, ìbọn ọdẹ bíi ẹlẹ́nu méjì yín, àti àwọn tí à ń kì láti ẹnu, níbi tí ṣakabùlà wà. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ó bèèrè nípa méjèèjì. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú bàbá àti ìwé àṣẹ wọn àtijọ́, bí ẹ bá rí i, lọ sí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Òṣogbo, kí ẹ fẹnu ṣàlàyé ohun tí ẹ bá nílé. Kí àwọn ìbọn náà wà nílé lọ́jọ́ yẹn o. Ẹni tó di ìbọn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà pé òun ń lọ gbàwé lè má dé ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá sì tún tú àjà tí ẹ rí ìbọn ológun àtijọ́, irú .303 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò, abala èèwọ̀ nìyẹn wà. Ẹ má gbé e, ẹ sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n wá mú un.

Ó yá, irin.

Ìbọn tó bá ti pẹ́ lájà, ẹ kà á sí ìbọn tí wọ́n ti kì. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àtijọ́ máa ń kì í sílẹ̀ ni, nítorí olè òru tàbí ẹranko tó bá ya wọ oko, ẹ̀tù dúdú tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tún gbiná. Ti ẹlẹ́nu méjì rọrùn: ẹ dorí rẹ̀ kọ ibi tí ènìyàn kò sí, ẹ tẹ ọwọ́ tó ń ṣí i, ẹ ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ wo ihò méjèèjì. Bí kátíríìjì tí páálí rẹ̀ ti wú bá há síbẹ̀, ẹ má fi ọ̀pá gún un láti ẹnu ìbọn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ti ṣakabùlà gba ọgbọ́n díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ òkúta kúrò lẹ́nu òòlù, kí ẹ gbọn àwo ẹ̀tù nù. Ẹ wá igi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju ìbọn lọ, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró síwájú ẹnu rẹ̀, ẹ rọra ti igi náà wọlé títí yóò fi dúró. Ẹ fi èédú sàmì sí i níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fà á jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta, kí àmì èédú yẹn wà gẹ́lẹ́ ní ẹnu ìbọn. Níbo ni orí igi dé? Bó bá dé ọ̀gangan ihò iná tàbí tó kọjá rẹ̀ díẹ̀, inú ìbọn ṣófo. Bó bá ku ìka mẹ́ta, mẹ́rin kó dé ihò iná, nǹkan wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ amọ̀ tí agbọ́n fi kọ́lé, ó lè jẹ́ ẹ̀tù àti ọta. Ẹ gbà pé ẹ̀tù ni. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láti ẹnu, ẹ sì fún un wọlé láti ihò iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un ṣe. Iyọ̀ inú ẹ̀tù, tó ń mú un jó, máa ń yọ́ sínú omi, ìyókù á wá di ẹrẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó ń fi ọ̀pá tó ní ẹnu lílọ́ bíi síkúrù gbẹ́nàgbẹ́nà yọ ìdí rẹ̀ jáde. Ẹ má fi iná yan án, ẹ má lù ú, ẹ má sì sọ pé “ẹ jẹ́ kí n yìn ín kó tán.”

Ẹlẹ́nu méjì náà ló tọ́ sí kí ẹ fi àkókò yẹ̀ wò dáadáa, nítorí òun ló ṣeé ṣe kó padà sígbó.

Ẹ tú igi abẹ́ rẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀pá méjèèjì kúrò lára ìdí. Ẹ yí i dà, ẹ wo ibi pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ilé kátíríìjì. Òǹtẹ̀ kéékèèké ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ní Birmingham, láti 1813 ni ilé ìdánwò ìbọn ti wà. Ti Lọ́ńdọ̀nù tún dàgbà jù ú lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á kì ìbọn tuntun ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á yìn ín. Èyí tí kò bá bẹ́, tí kò sì wú, ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́. Òǹtẹ̀ yẹn ni ìwé ẹ̀rí ìbọn yín, kì í ṣe orúkọ ńlá tí wọ́n gbẹ́ sí òkè rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú òǹtẹ̀ náà. Èkíní, ẹ̀tù wo ni wọ́n fi dán an wò? Bí ẹ bá rí NITRO PROOF, tàbí NP lábẹ́ adé, tàbí BNP tí Birmingham ń lù láti 1954, a jẹ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀tù òde òní, èyí tí kì í rú èéfín, dán an wò. Bí ẹ ò bá rí ìkankan nínú wọn, ẹ̀tù dúdú nìkan ló mọ̀, kátíríìjì ọjà tó ní ẹ̀tù òde òní nínú kò sì sí fún un. Èkejì, gígùn ilé kátíríìjì. 2½ (íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n) túmọ̀ sí 65mm. 2¾ túmọ̀ sí 70mm. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan, ẹ kà á sí 2½, nítorí òun ló wọ́pọ̀ lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹ̀kẹta, bóyá wọ́n kọ NOT FOR BALL. Ìyẹn ni pé ẹnu rẹ̀ há díẹ̀ ju inú lọ, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ọta ńlá ẹlẹ́yọ kan sínú rẹ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìkejì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà, òun nìkan sì kọ́. 70mm tí wọ́n kọ sára páálí kátíríìjì, gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín tán ni. Kí wọ́n tó yìn ín, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ká bí ẹnu àpò, kò ju nǹkan bíi 58mm lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ohun tó jẹ́ 58mm, báwo ni kò ṣe ní wọ ilé 65mm geere? Ìgbà tí iná bá mú un ni ẹnu rẹ̀ á là, tí yóò na ara di 70mm, 5mm tó lé náà á sì nà wọ ibi tí inú ìbọn ti ń há. Ọta àti ìdè rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi dí àárín ẹ̀tù àti ọta, á wá fi tipátipá gba ojú ihò tó ti kéré. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí kò tètè rọ́nà yóò ti gbogbo ara irin, irin ọgọ́rin ọdún sì lè má gbà. Nígbà mìíràn kì í bẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á máa tú ìbọn náà díẹ̀díẹ̀, ọdẹ á máa sọ pé “ìbọn yìí mà ń ta èjìká gan-an o.” Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí ẹni tó ní irinṣẹ́ gé irin pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20.3mm, kó tì í wọ ilé kátíríìjì títí yóò fi kan ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí í há, kó sì wọn ibi tó dé.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ wo ara irin. Kí sítíìlì òde òní tó gbòde, ọ̀pá irin àti sítíìlì ni wọ́n ń lọ́ pọ̀, tí wọ́n ń wé yíká, tí wọ́n sì ń fi iná lù di ihò kan. Irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Damascus, máa ń ní ọnà lára bíi adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ará Òṣogbo kò ní ṣì í mọ̀. Bí òkè rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tí ọwọ́ ti fọ̀ ọ́, abẹ́ igi tí ẹ tú yẹn ni kí ẹ wò, ọnà kì í sábà parẹ́ níbẹ̀. Ó rẹwà, àmọ́ ọ̀pọ̀ oríkèé ló wà nínú rẹ̀ tí ìpẹtà lè bá wọlé láìhàn sójú. Damascus tí kò ní òǹtẹ̀ nitro, ẹ gbé e kọ́.

Ẹ wá fi ìka kan gbé ọ̀pá méjèèjì rọ̀ níbi ìwọ̀ abẹ́ rẹ̀, kó má kan ohunkóhun. Ẹ fi ìdí ọmọrogùn kàn án kọ́-kọ́. Bó bá dún gbooro bí agogo, tí ohùn rẹ̀ pẹ́ kó tó kú, òjé tó so méjèèjì pọ̀ ṣì dì. Bó bá dún bí ìkòkò tó ti sán, ìdè kan ti tú níbì kan, omi ti ń wọ abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà sì ń jẹ irin níbi tí ojú yín kò lè dé. Àyẹ̀wò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ó ti dá ọ̀pọ̀ ìbọn dúró.

Ẹ kọjú ihò náà sí ojú ọ̀run tó mọ́, kì í ṣe sí oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ìdí, lẹ́yìn náà láti ẹnu. Àmì tó-tò-tó kéékèèké níwájú kì í ṣe ìjà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò jinlẹ̀ láàárín 25cm àkọ́kọ́ láti ilé kátíríìjì, ibẹ̀ ni agbára ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bí ẹ bá rí òjìji tó yípo bí òrùka, ìbọn ti wú níbẹ̀ rí, nítorí ẹnì kan yìn ín nígbà tí amọ̀ tàbí ilé agbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì fọwọ́ ra ìta rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ìwé yanrìn fá inú rẹ̀ kó lè dán! Ara irin ni ẹ ń fá dànù. Níwájú, níbi tó ti fẹ́lẹ́ jù, a kì í fẹ́ kí ògiri rẹ̀ dín ní 0.5mm, ìbọn tí wọ́n bá sì ti fá inú rẹ̀ ju bó ti wà nígbà ìdánwò lọ, òǹtẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ẹ̀rí mọ́.

Ẹ tò ó padà láìfi igi abẹ́ sí i. Ẹ pa á dé, ẹ mì í. Ṣé ó ń mì? Ẹ gbé e sójú iná: ṣé ìmọ́lẹ̀ ń kọjá láàárín ìdí ọ̀pá àti ojú irin tó kọjú sí i? Bí owó bébà bá lè wọ àárín wọn, ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀, iná lè ta padà sójú ẹni tó ń yìn ín. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tún ìyẹn ṣe. Kí wọ́n má kàn fi àlòkù agolo há a láàárín.

Òòlù ńkọ́? Ẹ fà á dé ìdajì, kí ẹ fi agbára díẹ̀ fa tírígà. Kò gbọdọ̀ bọ́. Bó bá bọ́, eyín inú rẹ̀ ti jẹ, ó sì lè yìn fúnra rẹ̀ bó bá kọ lu igi. Lára àwọn tó dàgbà jù, òòlù kì í fò sẹ́yìn lẹ́yìn tó bá lù tán, orí ìdí kátíríìjì gan-an ló ń sinmi lé. Irú èyí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ tún wo igi ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tírígà, bóyá ó ti là tàbí ikán ti wọ̀ ọ́.

Ká ní ó yege, tí ìwé sì ti jáde: kátíríìjì 65mm tí ọta òjé inú rẹ̀ wọn 28g, ẹ má kọjá 30g. Ọta irin tí wọ́n ń pè ní steel kò sí nínú ẹ̀, irin àtijọ́ rọ̀ jù ú lọ. Ọta òjé nọ́ńbà 4 tàbí 5 ti tó fún òyà, láàárín ìṣísẹ̀ 30 sí 35. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó kàn ṣe é léṣe kó lọ kú sí kòríko. Yíyìn àkọ́kọ́ kì í ṣe ti èjìká yín. Ẹ di ìbọn náà mọ́ táyà ńlá, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ yọ páálí rẹ̀, ẹ wò ó: bó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí káàpù ìdí rẹ̀ lu, ẹ má yin èkejì. Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ kà dé 60 kí ẹ tó sún mọ́ ọn.

Ṣakabùlà ńkọ́? Èrò mi ni pé kí ẹ má yìn ín mọ́. Ilé ìdánwò kankan kò fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa rọ ni páìpù omi tàbí ọ̀pá ìdarí mọ́tò, èyí tí wọ́n jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n sì dí nídìí. Páìpù omi, omi ni wọ́n ṣe é fún. Ihò iná rẹ̀ ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́ tó bá ń jó. Ẹ̀tù ìbílẹ̀ kì í rí bákan náà láti àpò kan sí èkejì, nítorí náà ìwọ̀n tó ṣe lánàá lè pọ̀ jù lónìí. Ẹ̀tù inú kátíríìjì wá jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá: bí ìwọ̀n wọn bá tiẹ̀ dọ́gba, agbára tó ń dà sílẹ̀ ju ti ẹ̀tù dúdú lọ lọ́nà púpọ̀, ó sì tún ń lágbára sí i bí ibi tó wà bá ṣe há tó. Kò sí ìwọ̀n kékeré rẹ̀ tó dára fún ṣakabùlà.

Ohun méjì tún wà tó ń mú ṣakabùlà bẹ́ mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò pàápàá lọ́wọ́. Ọdẹ á yìn ín, kò ní dún, á gbàgbé, á tún kì í lé e: ẹ̀tù méjì, ọta méjì. Èkejì ni pé ìdè kò wọlẹ̀ dé orí ẹ̀tù, àlàfo wà láàárín wọn, ìbọn á sì wú ní ọ̀gangan ibi tí ọta dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó mọṣẹ́ fi ń gé àmì méjì sára ọ̀pá ìkìbọn rẹ̀, ọ̀kan fún òfo, ọ̀kan fún kíkún. Níbi ìsípà, ó tiẹ̀ burú sí i, torí pé wọ́n á ní kò sọ́ta níbẹ̀, wọ́n á wá da ẹ̀tù kún un kó lè dún délẹ̀ kejì. Ìdè tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ gan-an ti tó ọta. Ẹ fi òróró nù ún, ẹ gbé e kọ́ yàrá pẹ̀lú àpò ọdẹ bàbá, bí ọlọ́pàá bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti dẹ̀ ẹ́ náà ṣe pàtàkì. Igbó Ọ̀ṣun kò sí lára rẹ̀, bí òyà tilẹ̀ ń sáré kọjá lójú yín. Ilẹ̀ 75 hẹ́kítà tí UNESCO kọ sórí àkọsílẹ̀ wọn ní 2005 ni, èèwọ̀ sì ni ọdẹ àti ẹja pípa níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ṣe é rántí pé ọdẹ ni Olútìmẹ́hìn tí ìtàn ní ó bá Láròóyè dé etí odò náà. Ọmọ ọdẹ ìlú yìí gan-an ló yẹ kó mọ ààlà. Akíka náà, ẹ fi í sílẹ̀. Lóru, ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù ń tàn nínú iná tọ́ọ̀ṣì bíi ti ẹranko igbó, nítorí náà ẹni tí kò bá rí ara kò gbọdọ̀ yin ojú. Bí ẹ bá fẹ́ la odò tàbí gun igi tó wó, ẹ ṣẹ́ ìbọn lọ́rùn, ẹ yọ kátíríìjì.

Tí ẹ bá délé, ẹ nù ún kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi kẹrosíìnì tú ìdọ̀tí inú rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ gbá a, kí ẹ wá fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ kùn ún. Ẹ má fi àdín tàbí epo pupa. Wọ́n á dì bí àtè sínú òòlù nígbà ọyẹ́, òòlù kò sì ní lù dáadáa mọ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ, ó ń fa ọ̀rinrin. Kí ẹ fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀ nítorí agbọ́n, kí ẹ so òwú pupa mọ́ aṣọ náà kí ẹ lè rántí yọ ọ́.

Kí ẹ tó ra kátíríìjì kankan, ẹ fi ìyẹ̀fun ẹ̀fun pa òǹtẹ̀ abẹ́ ọ̀pá náà kó lè hàn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí wọn, títí kan nọ́ńbà 12 (ìwọ̀n ihò ìbọn) àti C tó wà nínú àmì onígun mẹ́rin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Òǹtẹ̀ nìkan o, ẹ má ya ìbọn fúnra rẹ̀.